Lékeléke Orí Kùkùté

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní kọjá díẹ̀ nígbà tí mo lóṣòó sétí dáàmù Ọpa, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ kẹrin rèé tí mo ti ń wá síbẹ̀ láti ya fọ́tò lékeléke tó ń sùn àti òjìji rẹ̀ nínú omi. Ọyẹ́ bo ojú sánmà, oòrùn pọ́n bí epo tuntun. Omi dákẹ́ rọ́rọ́.

Fọ́tò flamingo láti adágún Nakuru ní Kenya ló kọ́kọ́ fa ọkàn mi sí irú àwòrán yìí: àwọn ẹyẹ aláwọ̀ osùn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan sùn, tí òjìji wọn dorí kodò nínú omi. Ohun tí wọ́n ń jẹ ló ń pa wọ́n láró bẹ́ẹ̀. Flamingo kò sí ní Ifẹ̀. Lékeléke ló wà, òun náà ń fi ẹsẹ̀ kan sùn, ẹyẹ èwe mi sì ni. Ní àdúgbò Ìrẹmọ ní Ifẹ̀, a máa ń na ọwọ́ sí wọn lókè pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Títí dòní, bí wọ́n bá fò kọjá, mo máa ń wo èékánná mi.

Wọ́n dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀lé màlúù jẹ tata kiri láti àárọ̀. Wọ́n du ẹ̀ka fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọparun tó tẹ̀ sójú omi funfun báláú. Ọ̀kan dá bà sórí kùkùté tó yọrí nínú omi, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí mi lọ. Ó ká ẹsẹ̀ kan sókè, ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó ki àgógó bọ ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sùn.

Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ tí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣòfò lọ́wọ́ mi. Òkùnkùn ọparun ló ń tan kámẹ́rà, á gba ìmọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìyẹ́ ẹyẹ á wá di funfun gbáà tí kò ní ojú. Lónìí mo dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Mo sì sọ̀ kalẹ̀, nítorí bí mo bá dúró, ẹrẹ̀ abẹ́ omi ni mò ń rí. Bí mo bá sì dọ̀bálẹ̀ pátápátá, ẹyẹ òkè àti ti ìsàlẹ̀ á jọra wọn tán.

Bí mo ṣe lóṣòó yìí, wọn kò jọra. Omi ń wo ẹyẹ láti abẹ́. Lókè, ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ tó ká. Nínú omi, mo rí ìka ẹsẹ̀ náà tó ká jọ mọ́ ikùn bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Òjìji náà ṣókùnkùn ju ẹyẹ fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí pupa oòrùn hàn lára rẹ̀. Mo gbàgbé láti mí.

Bàbá apẹja kan ń wa ọkọ̀ bọ̀. Mo na ìka sí ẹyẹ náà. Wọ́n gbé àjẹ̀ wọn sókè, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi ara rẹ̀ lọ.

“Ẹ ṣé gan-an, Bàbá,” ni mo rọra wí.

“Ṣé ó ti sùn, ọmọ mi?”

“Ó ti sùn, sà.”

Ìgbì kékeré láti ara ọkọ̀ náà dé ìdí kùkùté. Ẹyẹ inú omi fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó gbọ̀n, ó tún kó ara rẹ̀ jọ. Ti orí kùkùté kò mira.