Bí mo ṣe ń fi àṣẹ darí ohùn kọ̀ǹpútà mi

Ó ti tó ọdún méjì tí bọ́tìnnì tí a fi ń dín ohùn kù ti kú lára kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. N kò tíì tún un ṣe, nítorí pé kíkú rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, bíi Windows), iṣẹ́ tí bọ́tìnnì yẹn ń ṣe kò ju àṣẹ kan ṣoṣo lọ. Bí mo bá ṣí tẹ́mínà, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, tí mo tẹ `amixer set Master 35%`, ohùn á wálẹ̀ sí ìdá 35 nínú 100 lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá fi `mute` rọ́pò iye yẹn, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Àṣẹ `unmute` ni yóò sì là á.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni espeak-ng tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè, èyí tí wọ́n yà kúrò lára eSpeak ti Jonathan Duddington ní ọdún 2015. Ó ń ró bí ẹni tó ń ti imú sọ̀rọ̀, nítorí pé ìṣirò ló fi ń ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ ìró rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gba àyè púpọ̀. Bí a kò bá dá a lẹ́kun, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 175 ni yóò kà ní ìṣẹ́jú kan. Ó yá jù fún etí mi, nítorí náà mo máa ń fi `-s 130` sí i. `-p`, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 99, ń gbé ohùn sókè sódò bíi ti àmì ohùn (kì í ṣe ariwo rẹ̀), ṣùgbọ́n odindi gbólóhùn ló ń gbé pọ̀, nítorí náà kò lè ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. (Mo dán an wò, mo sì rẹ́rìn-ín.)

Iṣẹ́ tí mo ń rán an ni pé kó pè mí bí kọ̀ǹpútà bá ti da àwọn fọ́tò mi kọ sórí dísìkì tán. Ní òru ọjọ́ kan, mo gbàgbé ohùn sórí 100. Ní aago méjì òru, ó pariwo “Finished!”, ọmọ jí, ìyá rẹ̀ sì bi mí pé òyìnbó wo ló wà ní pálọ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé dísìkì ti kún, ìdajì fọ́tò kò sì wọlé. Èmi ni mo jẹ̀bi: àmì `;` ni mo fi sáàárín àṣẹ méjèèjì, kò sì kan àmì yẹn bóyá èyí àkọ́kọ́ yọrí tàbí kò yọrí. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ nísinsìnyí (`rsync` ló ń da fọ́tò kọ; ohun tó tẹ̀lé `&&` ń ṣiṣẹ́ bí èyí tó ṣáájú bá yọrí, ti `||` sì ń ṣiṣẹ́ bí kò bá yọrí):

`amixer set Master 20%; rsync -a Pictures/ /mnt/disk/ && espeak-ng "Finished" || espeak-ng "Failed"`

Lálẹ́ àná, “Failed” ló sọ. Ó rọra sọ ọ́, èmi nìkan ni mo sì gbọ́.