Ẹ má fa olú tí ẹ kò mọ̀ tu

Ẹ fi ọ̀bẹ wú u tìdítìdí ni. Olú orí ọ̀gán máa ń ní ìdí gígùn bíi gbòǹgbò tó wọ inú ilé ikán lọ. Bí ẹ bá fà á, ibẹ̀ gan-an ló máa já.

Ẹ gé orí rẹ̀, ẹ da abẹ́ rẹ̀ bo bébà, ìdajì funfun, ìdajì dúdú, kí ẹ fi abọ́ dé e mọ́jú, kí ẹ lè rí àwọ̀ ìyẹ̀fun tó máa dà sórí bébà. Ti ikán a máa da ìyẹ̀fun tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ (àwọn olóró kan náà ń dà á, nítorí náà ẹ tún wo ìdí). Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, olú olóró tó ń jẹ́ Chlorophyllum molybdites ni: èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Abẹ́ rẹ̀ funfun nígbà tó kéré, ìyẹn ló ń tan èèyàn. Èyí tí òjò ti rin gbingbin kì í sábà da nǹkan kan.

Ṣíbí fàdákà tí wọ́n ní ó ń dúdú bó bá kan olú olóró? Irọ́ ni. Sísè kò sì lè pa oró àwọn olú Amanita tó ń pani.