Mo ti gun òpó afẹ́fẹ́!

Ẹ bá mi yọ̀ o! Òní ni mo kọ́kọ́ dé orí òpó tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná, nǹkan bíi mítà 80 sókè. Inú òpó náà ni àkàbà wà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi gùn ún, okùn ààbò lára mi. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan títí a fi pa ẹ̀rọ, tí a sì fi irin há apá rẹ̀ kí ó má baà yí. Ó ní, "Fídíò ló ń wu ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Bóòtù gan-an ni iṣẹ́!" Kò parọ́. Bóòtù la fi gbogbo ọ̀sán dì, pẹ̀lú sípánà tó ń díwọ̀n agbára, lẹ́yìn náà la fi gírísì sí bẹ́ríǹ.

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá dandan ni yunifásítì fún iṣẹ́ yìí: rárá o. Wẹ́dà àti oníṣẹ́ iná wà nínú kíláàsì wa. Ohun tó jẹ́ dandan ni ẹ̀kọ́ ààbò, títí kan bí a ṣe ń gbé ẹnìkejì ẹni tó bá fara pa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ọdún 2 péré ni ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ òkè ti Global Wind Organisation (ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ààbò fún iṣẹ́ yìí) fi ń ṣiṣẹ́, a ó tún padà lọ ṣe é.

Lọ́la, òpó mìíràn. Itan mi ti ń bẹ̀bẹ̀ báyìí.