Ọkọ̀ Tó Dúró De Iná: Ìrìn Àjò Wa sí Ayẹyẹ Fallas ní Valencia

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò wọ bọ́ọ̀sì láti Madrid lọ sí Valencia, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, nítorí ayẹyẹ Fallas, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè fi gbogbo ẹnu sọ pé mo rí ayẹyẹ náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó kó wa lọ ti kọ ọ́ sínú ètò pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ni a ó gbéra ní Madrid, aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni a ó sì kúrò ní Valencia, èmi náà sì sanwó láì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí aago méje yẹn yóò gbà lọ́wọ́ wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń dáná sun àwọn ère tí ayẹyẹ náà dá lé lórí. Bí a ṣe ń jáde nílùú ni èrò ń wọ́ tìrítìrí wọlé, tí ìró ẹ̀tù ń dún lẹ́yìn wa, ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sì kọjú sí fèrèsé, kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi kọjá ìlú Requena lójú ọ̀nà. Nígbà tó máa la ẹnu, ohun tó wí ni pé, "Ọmọ mi, wọ́n gbé wa wá síbi ìgbéyàwó, wọ́n sì gbé wa lọ kí ìyàwó tó dé."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo ń tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, kí ẹni tó bá fẹ́ bá bọ́ọ̀sì lọ má bàa ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Iná ni ìpìlẹ̀ Fallas. Ìtàn tí àwọn ará Valencia máa ń sọ nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé, nígbà òtútù, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà máa ń fi alẹ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtùpà tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó igi kan tí wọ́n ń pè ní parot. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọ̀sán sì ń gùn sí i, òpó náà kò wúlò mọ́, wọn a sì gbé e jáde pẹ̀lú èérún pákó àti àjákù igi, wọn a dáná sun gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́, ẹni tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbà ní alábòójútó wọn, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ń bọ́ sí ọjọ́ 19 oṣù Kẹta. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà wọ òpó náà láṣọ kó lè jọ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ère tí wọ́n fi ń bú àwọn aláìdáa, tí wọ́n sì ń sọ òtítọ́ fún àwọn tó ga ju ẹni tí èèyàn lè bá wí lójúkojú.

Lónìí, ẹgbẹ́ àdúgbò tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Valencia tó bí 400. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé ìpàdé tí wọ́n ń pè ní casal, wọ́n ń dáwó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọnà tí yóò kọ́ falla méjì, ìyẹn àkópọ̀ ère tí wọn yóò dáná sun, fún wọn, ńlá kan àti kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Igi, páálí àti fóòmù funfun ni wọ́n fi ń kọ́ ọ kí wọ́n tó kùn ún, èyí tó ga jù nínú wọn a máa kọjá mítà 20, ère kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní ninot. Olóṣèlú, gbajúmọ̀, oníjìbìtì, kò sí ẹni tí wọn kì í gbẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú pátákó kéékèèké tí wọ́n kọ ewì èébú sí ní èdè Valencia. Ọdún 2016 ni àjọ UNESCO fi ayẹyẹ náà kún àkọsílẹ̀ àjogúnbá àṣà aráyé. Nínú gbogbo ère wọ̀nyí, láti ọdún 1934, àwọn ará ìlú ń fi ìbò yan èyí tí iná kò ní kàn, wọ́n sì ń gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Fallas. Gbogbo ìyókù di eérú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí bọ́ọ̀sì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Madrid sí Valencia tó bí kìlómítà 350, bọ́ọ̀sì sì lè fi bí wákàtí mẹ́rin rìn ín. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí awakọ̀ wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lọ láìsinmi fún ìṣẹ́jú 45, kò sì gbà kó wakọ̀ ju wákàtí 9 lọ lójúmọ́, àyàfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè fi dé 10. Èyí tó ká wa lọ́wọ́ kò lọ́dún àkọ́kọ́ ni ti ìsinmi: láàárín wákàtí 24 tí awakọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí wákàtí 11 sinmi, tàbí 9 ní ó kéré tán ní àwọn ọjọ́ tí òfin yọ̀ǹda. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Awakọ̀ tó gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá aago mọ́kànlá alẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé, ó pẹ́ tán, aago méje ló gbọ́dọ̀ kúrò ní Valencia. A bẹ awakọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ó sì dá wa lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń ka gbogbo ìṣẹ́jú tí òun fi ń wakọ̀. N kò dá a lẹ́bi rárá. Ẹni tó máa ń kó ẹ̀mí èèyàn 40 lọ́wọ́ lóru gbọ́dọ̀ ti sùn. Ẹni tí mo dá lẹ́bi ni ẹni tó fi awakọ̀ kan ṣoṣo ṣètò ìrìn àjò ọjọ́ kan, tó sì kọ "Fallas" gàdàgbà sórí ìwé rẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè aago tí ọkọ̀ yóò kúrò lálẹ́ ọjọ́ 19, kí ẹ sì béèrè ibi tí awakọ̀ yóò sùn. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, ẹ ti mọ ìdáhùn sí àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lọ́dún kejì, èmi àti ìyá náà jọ wá ètò tó ní oorun alẹ́ méjì nínú. Àárọ̀ ọjọ́ 18 ni a gbéra, a gba òpópónà A-3, a yà ní Motilla del Palancar láti nasẹ̀ àti láti mu kọfí, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sán, a ti dé. Afinimọ̀nà wa ti sọ fún wa pé ọkọ̀ kò ní lè wọ àárín ìlú, nítorí pé àwọn falla wà láàárín títì gbalasa, àwọn ọlọ́pàá sì ti dí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ la fi wọlé. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀ yín lọ́rùn o.

Aago méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, láti ọjọ́ 1 títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ni wọ́n ń yin ẹ̀tù tí wọ́n ń pè ní mascletà ní gbàgede iwájú gbọ̀ngàn ìlú. Omidan tí wọ́n yàn ṣe olorì ayẹyẹ lọ́dún náà yóò dúró sí orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ̀ngàn náà, yóò sì ké ní èdè Valencia pé kí ọ̀gá oníẹ̀tù bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ iná alẹ́ ṣe jẹ́ ti ojú, ti etí àti ti àyà ni mascletà. Ìlù ni, ẹ̀tù ni wọ́n fi ń lù ú: ó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń yára, ó ń wúwo, títí yóò fi dé ìparí tí wọ́n ń pè ní ìmìtìtì ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn lóòótọ́. Wọ́n ní kí a má fi ọwọ́ dí etí, kí a la ẹnu sílẹ̀. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà rẹ̀, ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ń mì, n kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àtẹ́wọ́ bú sáyé, èéfín funfun sì bo gbogbo ilé.

Láti ọ̀sán ọjọ́ náà di òru ni àwọn obìnrin àdúgbò gbogbo ń gbé òdòdó lọ fún Màríà Wúńdíá, alábòójútó àwọn tí kò lẹ́ni, bí wọ́n ti ṣe lọ́jọ́ 17. Igi ni wọ́n fi kan ara ère náà, ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn. Àwọn ọkùnrin tó gun orí rẹ̀ ń hán òdòdó tí wọ́n ń jù sókè sí wọn, wọ́n sì ń fi í hun aṣọ fún un, pupa síbí, funfun sọ́hùn-ún. Mo dúró ní kọ̀rọ̀ kan nítòsí gbàgede náà. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́dà aláwọ̀ ewé yà síwájú mi, òòyà wúrà tó wà lẹ́yìn orí rẹ̀ ti ń yọ̀, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi píìnì dè é padà, píìnì ìyókù wà láàárín eyín rẹ̀. Ó ṣe tán, ó fi ọwọ́ pa ìdì irun méjì tó wà létí ọmọ rẹ̀ rọra, ó ní kó máa lọ. Ọmọ náà rin ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá, ó tajú kán rí Wúńdíá, ó bú sẹ́kún.

Iṣẹ́ iná òru ọjọ́ 18 tí wọ́n ń pè ní Nit del Foc dára, a wò ó, a sì lọ sùn.

Alẹ́ ọjọ́ 19 ni Cremà, ìyẹn sísun. Falla àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kọ́kọ́ sun, àwọn ńlá tẹ̀lé e, ti gbọ̀ngàn ìlú ló sì ń kẹ́yìn. Èrò máa ń wọ́ lọ sí ti gbọ̀ngàn ìlú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá àdúgbò kékeré kan tí ẹ ti lè rí ojú àwọn tó ni iṣẹ́ náà. Ní títì tí a dúró sí, ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ló tanná sí ti àwọn ọmọdé, ọ̀já ìyẹ́sí ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Ère ajá kan ló kọ́kọ́ jó. Ọmọ náà wò ó títí orí rẹ̀ fi já bọ́, ó wá yí padà, ó fi ojú pa mọ́ sí ikùn bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó má sunkún, nítorí pé bàbá náà ń sunkún.

A dúró fún wákàtí kan sí i kí àwọn panápaná tó dé sí ti ńlá. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi rin ara ògiri àti àwọn igi tó yí i ká, lẹ́yìn náà ni wọ́n tan okùn báńgà tí wọ́n fi so mọ́ ère, báńgà ń dún gbàù-gbàù títí iná fi dé ìdí rẹ̀. Èéfín dúdú kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ooru dé, gbogbo wa sì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onífèrè bẹ̀rẹ̀ orin ìlú Valencia, àwọn ará àdúgbò di ara wọn mú, wọ́n ń kọ ọ́. Iṣẹ́ ọdún kan jó tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyá di apá mi mú. Ó ní, "Ìyàwó ti dé."

Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó padà síbi tí bọ́ọ̀sì wà, a gba títì yẹn kọjá. Àwọn agbálẹ̀ ti fọ̀ ọ́. Ohun tó ṣẹ́kù ò ju díẹ̀ nínú iyanrìn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ falla kí ọ̀dà títì má bàa yọ́, ọkùnrin méjì sì ń fi ṣọ́bìrì kó o sínú kẹ̀kẹ́.