Ṣíbí ìjẹun kì í ṣe ṣíbí tíì: ẹ̀kọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru ọmọ mi kọ́ mi

Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí mo fi ọwọ́ ara mi pò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Ọmọ oṣù 14 ni. A ò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ọsibítù dé, ọwọ́ mi ṣì máa ń gbọ̀n bí mo bá gbé ife rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́, ó bì lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní tìtorí ìyẹn gbé e sáré. Èmi náà ò sáré. Mo mọ̀ pé omi oníyọ̀ àti ṣúgà la kọ́kọ́ máa ń fún un, ìyẹn ò sì burú. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì gbà pé kò sí ìtọ́jú ilé tó tó o. Ojú ni mo fi wọn tèmi, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ṣíbí tíì wà láàárín abọ́ tí mi ò tíì fọ̀, mo bá mú ṣíbí ìjẹun. Mo bu iyọ̀, ó ga bí òkìtì, mo gbọn nǹkan bí ìdajì padà. Omi ńkọ́? Ife ńlá méjì. Mo ní lítà 1 ṣáà nìyẹn. Ìgbà tí a padà délé ni mo wọn ife náà: méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lítà lọ.

Ó mu ún, kódà ńṣe ló ń di ife mú. Inú mi dùn, mo ní ṣebí omi ń wọlé. Ṣùgbọ́n títí ọ̀sán òùngbẹ rẹ̀ kò lọ. Bó bá mu tán, á tún na ọwọ́. Mo fún un, ó tún na ọwọ́. Bó bá yàgbẹ́ mo fún un, bó bá ké mo fún un, láti inú ìgò kan náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, igbe rẹ̀ yí padà. Ó tín-ín-rín, ó lọ sókè, bí igbe ọmọ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò dáwọ́ dúró. Mo gbé e sún mọ́ iná kí n lè rí ojú rẹ̀. Ó ń sunkún kíkankíkan, ojú rẹ̀ gbẹ. Mo fi ìka ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sí omijé kankan níbẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìlédìí tí mo wọ̀ fún un láti ọ̀sán kò tutù. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, kò fà á mọ́. Kí ni mo ṣe? Mo tún nawọ́ gbé ìgò yẹn. Ọlọ́run ló fi í sí mi lọ́kàn pé kí n tọ́ ọ wò. Mo da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, mo sì tu ú dànù lójú ẹsẹ̀. Èmi àgbàlagbà kò lè gbé e mì. Ohun tí mo ń fún ọmọ mi mu láti àárọ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì bi mí ní ọsibítù pé, "Ìyá ọmọ, ṣíbí wo lẹ fi wọn ọ́n?" Mi ò lè dáhùn. Mo fi ìka júwe bó ṣe tóbi tó. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà ní iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ààlà, omi tí wọ́n máa fà sí i lára gbọ́dọ̀ máa kán díẹ̀díẹ̀ ni, torí bí iyọ̀ náà bá yára wálẹ̀ jù, ọpọlọ rẹ̀ lè wú. Mo jókòó ti omi náà títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń ka bó ṣe ń kán. Ọjọ́ kẹta, ó tọ̀, ó sunkún olómi, ó mu ọmú, a sì padà sílé.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ wọn ọ́n. Omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ṣíbí tíì ni mo wí o, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ṣúgà ló máa ń bá iyọ̀ àti omi wọlé láti inú ìfun sínú ara. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, omi tó wà nínú ara gan-an ni yóò máa fà jáde. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ ọmọ mi kò fi lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó fẹnu kàn án. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti omijé lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ tún òmíràn pò. Bí ẹ bá rí ORS inú ọ̀rá, ìyẹn èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ fún pípò pẹ̀lú omi, ó dára ju èyí tí a pò nílé lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ìwọ̀n: gbogbo ọ̀rá náà, pẹ̀lú iye omi tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n yé fọwọ́ kan ìtọ́jú ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ìtọ́jú ilé kọ́ ló ṣe ọmọ mi, àìwọn-ǹkan ni. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá mi wí rántí pé mo ti bá ara mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un pẹ̀lú ṣíbí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 nílò bíi mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá bì, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe já a lẹ́nu ọmú. Ẹ má fún un ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí náà ló wà nídìí paracetamol fún ibà. Bí ọmọ ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn ọ́n, ohun ìwọ̀n tó bá a wá nínú páálí ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ilé ìdáná, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24. Ní ti oyin fún ikọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá, torí kòkòrò àìfojúrí kan tó lè wà nínú rẹ̀ máa ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹkún tí kò ní omijé, wákàtí 6 láìtọ̀, ọmọ tí kò lè mu nǹkan tàbí tó ń sùn tí kò fẹ́ jí: ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Èmi ti rí méjì nínú wọn kí n tó dìde.

Wọ́n fún wa ní oògùn zinc fún ìgbẹ́ gbuuru náà, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 14. Ó ṣẹ́ ku ti ọjọ́ 3. Mi ò tíì fo ọ̀kankan.