Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa ka ìṣirò owó ẹbí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àpò ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ìṣirò rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tá a ti ń ṣe é nílé wa l'Ákùúrẹ́, mo sì ti rí èrè rẹ̀.

Láyé bàbá wa, agbo ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Tí wọ́n bá ta kòkó tán, àgbà ilé ló ń pín owó. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955 gbé owó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn, ti girama ṣì wà níbẹ̀. Lónìí, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kánádà, àbúrò mi kan wà l'Ékòó, èkejì wà l'Óǹdó, èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú ìyá wa. Oṣooṣù la ń dáwó. Owó iléèwé kì í gba ọwọ́ òbí kọjá, àkáǹtì iléèwé là ń san án sí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sólà ń gba tiẹ̀ bí èyí tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí. Owó òkú àti ìnáwó ní àpò tiwọn lọ́tọ̀, torí tí wọ́n bá wà pọ̀, aṣọ ẹbí ló máa jẹ owó ìwé.

Tóṣù bá ti ń parí, a ó pe ara wa lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló ń ka ìṣirò. Á gbé fóònù ti ike omi, á ṣí ìwé rẹ̀, á ka iye tó wọlé, ẹni tí ò tíì san, iye tó jáde. Nígbà kan ó yíjú sí mi: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, rìsíìtì owó WAEC yìí dà?” Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí láti Kánádà, pé ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, mo yọ rìsíìtì náà nínú báàgì, ó wò ó, ó fàmì sí i.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń fún mi nírètí lórí Nàìjíríà. Láti ọdún 2011 ni òfin ti fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì fún iléeṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Akọ̀ròyìn kan béèrè ìwé àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Nígbà tó yá, nínú ẹjọ́ mìíràn tó wá láti ìpínlẹ̀ Ẹdó, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọn ò gbà kó béèrè owó nílé, báwo ló ṣe máa kọ lẹ́tà sí ìjọba?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de gbogbo ẹbí. Èèyàn méjì tó. Ẹ ra ìwé kan, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ẹni tó ń kà á lọ́dọọdún. Ọmọ tó bá kàn, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́.