Ìrọ̀lẹ́ kan lábẹ́ Third Mainland

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gba orí afárá Third Mainland lọ síbi iṣẹ́, tí mò ń wo àwọn apẹja láti ojú fèrèsé dáńfó. Ní Sátidé tó kọjá, abẹ́ afárá náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà, ìwọ̀ lọ́wọ́ wa.

Etí omi Bàrígà la ti wọkọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bàbá Ìlàjẹ tó ni ọkọ̀ ní ká kọ́kọ́ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀.

"Wọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ gan-an ni mò ń bá wí."

Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, ìgbà tí omi òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín Èkó àti Àpápá wọ inú ọ̀sà, tí omi á níyọ̀. Bí òjò bá dé, Odò Ògùn àtàwọn odò yòókù á tún ti iyọ̀ náà padà. Bàbá nawọ́ sí koríko kan tó ń léfòó lọ sápá Èkó, wọ́n ní, "Omi ti ń fà. Ẹ jẹ́ ká yára."

Mo rí ibì kan tí orí ẹ̀ka igi yọ jáde nínú omi, mo fẹ́ ju ìwọ̀ síbẹ̀. Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Ó lẹ́ni tó ni ín o!" Àwọn apẹja, àwọn Ègùn pàápàá, ló máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà. Ewédò á hù sí i lára, ẹja á wá jẹun, á sọ ọ́ dilé. Tó bá pẹ́, ẹni tó ni ín á fi àwọ̀n yí i ká, á yọ igi kúrò, á kó ẹja. Gbogbo ọdún tí mo fi ń rí igi wọ̀nyí láti òkè, pàǹtí ni mo pè é. Oko olóko ni! Ó dùn mí gan-an.

A lọ so ọkọ̀ mọ́ ìtòsí òpó afárá kan. Láti 1990 tí wọ́n ti ṣí afárá náà tán, ìkarawun ti bo ẹsẹ̀ òpó wọ̀nyẹn bámúbámú. A fi edé tútù ṣe ìjẹ, òjé fà á lọ sísàlẹ̀. Lókè orí wa, táyà ọkọ̀ ń dún gbì, gbì, lójú ibi tí afárá ti so pọ̀.

Okùn mi le gan-an. Mo fà á. Ọ̀bọ̀kún! Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, kò ní ìpẹ́ kankan, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí mo ṣe fẹ́ mú un, Bàbá pariwo: "Má fi àtẹ́lẹwọ́ mú un!" Ẹ̀gún kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ló nà gbọọrọ. Wọ́n fi ìka méjì há a lẹ́yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ wọ̀nyẹn, ẹja náà ń kùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹja ń dún.

Ọ̀bọ̀kún mẹ́ta, ẹpìyà méjì la mú. A dá ẹpìyà kékeré padà sómi. Nígbà tí a ń padà, oòrùn ti wọ̀, òórùn èéfín ẹja yíyan ń fẹ́ bọ̀ láti apá Mákòókó.

Ìyá wa fi ọ̀bọ̀kún náà se ọbẹ̀ ata lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ orí èyí tó tóbi jù. Bàbá ti ní ká padà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ṣì níyọ̀.